Ọmọ Odó Tí Mo Gé sí Mẹ́ta

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra sáńpépà mẹ́rin ní Òṣogbo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi sì gba ẹgbàá náírà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Iléṣà, tọ́rọ́ ni ẹyọ kan, bí ẹni tó ń tà á bá sì mọ bàbá ẹni, á fi àjákù kan ṣe ènì. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọjà tí àwa àgbàlagbà rà lóde òní tí a kì í fi wé tọ́rọ́ àti sísì ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó sáńpépà ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ yìí. Òórùn rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo gbé e sára igi tó ń yí, tí eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dìde, òórùn igi gbígbóná wọ imú mi, mo sì rí ara mi ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ní ẹ̀yìn ilé wa ní Iléṣà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ètè mi ti là nítorí ọyẹ́, ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹni tó gba inú eérú kọjá, mo sì dúró níwájú ẹ̀rọ ìyígi bàbá mi láìgba àṣẹ.

Wolé-wolé ni bàbá mi. Ẹ̀yin náà rántí wọn: àwọn tó ń wọ ṣòkòtò kákì péńpé, tí wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi oníkòkò láti wò ó bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, kíá ni wọ́n á máa da omi àná nù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń sá fún yìí kì í pariwo nínú ilé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ kákì rẹ̀, á wọ ẹ̀wù ògbólógbòó kan tí èjìká rẹ̀ ti ya, á sì lọ sábẹ́ àtíbàbà páànù tó wà lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà.

Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó. Ó ní nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo lọ́dọ̀ọ́, kí òun tó di wolé-wolé, òun rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà kan, kò sì kúrò lọ́kàn òun mọ́. Ìsàlẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ kan tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, okùn awọ á máa fa àgbá kékeré kan lókè, igi tí o há sáàárín irin méjì á sì máa yí bí òkòtó. Ìwọ á wá gbé ṣísẹ́lì, irin gígùn ẹlẹ́nu mímú, lé orí pákó ìgbọ́wọ́lé, wàá fi ẹnu rẹ̀ kan igi náà jẹ́jẹ́, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ọsàn lọ́wọ́ ọlọ́sàn.

Bàbá mi ṣe ẹsẹ̀ àga, ó ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó ṣe àwo kòtò fún epo ìpara, gbogbo rẹ̀ ló sì fi tọrẹ. Kò ta ẹyọ kan rí. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo, máa ń sọ pé gbogbo Ìjẹ̀ṣà tí òun mọ̀ ló ń ra ọjà tí wọ́n sì ń tà á, àfi èyí tó kan òun, tó ń ṣe ọjà tí kì í tà. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ó ń pe ilé ní ulé, ìyá mi kò sì yé sín in jẹ títí wọ́n fi darúgbó.

Òfin kan ló wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin: "Bí irin bá fa igi ya, ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe ọwọ́." Ìdí rẹ̀ ni pé bí irin bá ṣèèṣì wọlé jù, tó gé igi lógbẹ́, ohun tó máa ń wu ọmọdé ni pé kó tún fi irin náà lé ojú ọgbẹ́ kíá, kó fi pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n igi ṣì ń yí. Gbogbo bó ṣe ń pa á rẹ́ ni igi ń tín-ín-rín sí i, ọgbẹ́ mìíràn á sì tún yọ níbòmíràn. Gbé ẹsẹ̀, kí igi dúró, kí o wo ohun tí o ṣe. Bí ó ti rí nìyẹn.

Igi arère nìkan ló ń fún mi gé. Ẹni tó bá mọ arère mọ̀ pé ó rọ̀ bí iṣu sísè, kì í sì í dán. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nǹkan bí ọdún 1965, ilé ìwé wa fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́. Wálé, ọmọ tí ilé wọn kọjú sí tiwa tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, ti ń fi ọparun hun apẹ̀rẹ̀ tó rẹwà. Èmi fẹ́ ṣe ìdúró àtùpà tí yóò máa dán bí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì olówó. Arère kò lè ṣe é. Mo nílò igi líle tó ti gbẹ, mo sì mọ ibi tí ọ̀kan wà.

Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò aró rẹ̀ márùn-ún ló wà lẹ́yìn ilé, òórùn wọn sì ni òórùn ilé wa. Àlejò ló máa ń gbọ́ ọ, àwa kì í gbọ́ ọ mọ́. Láyé ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó fi rẹ aṣọ. Nígbà tí a fi ń dàgbà, aró òyìnbó inú agolo ti dé. Ìyá mi kì í gún ẹ̀lú púpọ̀ mọ́, ọmọ odó rẹ̀ sì fara ti ògiri lẹ́yìn ìkòkò láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Igi àyìn ni. Ó gùn tó mi. Orí rẹ̀ méjèèjì ti dúdú pẹ̀lú aró, àárín rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ń dì mú, sì ń dán bí awẹ́ obì. Mo ti ń wò ó tipẹ́. Lójú tèmi, igi tí wọ́n pa tì ni.

Ohun tí n kò mọ̀ pọ̀. N kò mọ̀ pé ìyá ìyá mi ló fi ọmọ odó yẹn gún ẹ̀lú títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó wá fà á lé ìyá mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó ń lọ ilé ọkọ, pé kó máa fi ṣe iṣẹ́ tí òun kọ́ ọ. N kò sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fọlákẹ́, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ni yóò gbé e padà sí Òṣogbo nínú ẹrù ìyàwó rẹ̀, nítorí òun náà ti kọ́ aró rírẹ. Inú yàrá ni àwọn obìnrin ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ọmọkùnrin.

Ọjọ́ Sátidé ni. Bàbá mi ti gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ọjà. Mo gbé ọmọ odó náà sábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀rọ bàbá mi kò lè gba gbogbo gígùn rẹ̀, nítorí náà mo fi ayùn gé e sí mẹ́ta: orí méjèèjì lọ́tọ̀, àárín lọ́tọ̀. Àárín ni mo fi há ẹ̀rọ.

N kò lè gbàgbé ìdùnnú nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Igi náà ń kọrin lábẹ́ irin. Èérún rẹ̀ ń já bọ́ ní pupa rúsúrúsú, àwọ̀ aró díẹ̀díẹ̀ létí wọn. Mo ti ń wo ara mi níwájú gbogbo ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni irin wọlé jù. Ó fò lọ́wọ́ mi, ó sì gé igi náà lógbẹ́ tó lè gba èékánná.

Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí irin ìsàlẹ̀. Mo tún fi ṣísẹ́lì lé e kíá láti pa ọgbẹ́ náà rẹ́. Mo pa á rẹ́, òmíràn yọ. Mo pa èyí náà rẹ́. Igi tó tó ọrùn ọwọ́ mi nípọn di bí àtàǹpàkò, ó di bí ọmọńdinrín, ó wá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá sí méjì.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ohun tó kù. Mo kó àwọn tó dá sínú iná, mo gbá èérún, mo sì ti orí méjèèjì bọ abẹ́ àpò èédú. Kí wọ́n tó ti ọjà dé, mo ti wẹ̀, mo ti jókòó ti ìwé mi. Ìyá mi yìn mí pé mo ka ìwé lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìyá mi wá ọmọ odó náà, kó lè fi àdín pa á de ìgbéyàwó. Ó wá a lẹ́yìn ìkòkò, ó wá a nínú ilé ìdáná, ó bi gbogbo wa. Mo ní n kò rí i. Lẹ́yìn tó ronú títí, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Wálé.

Ẹlẹ́kọ ni Ìyá Wálé, ọ̀rẹ́ ìyá mi tímọ́tímọ́ sì ni. Obìnrin tó sanra, tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Igi ìdáná tirẹ̀ àti tiwa jọ máa ń wà lẹ́yìn ilé wa, nítorí àyè kò sí nílé wọn, ó sì máa ń wá kó o nígbà tó bá fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi mú mi dání lọ ra ẹ̀kọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn tán, ó ní, "Ìyá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú igi yín, bóyá ẹ ṣèèṣì kó ọmọ odó mi mọ́ ọn."

Ìyá Wálé gbé ìgbakọ sílẹ̀. "Ìyá Fọlákẹ́, èmi ni mo fi ọmọ odó dáná ẹ̀kọ?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá ẹ ṣèèṣì ni."

"Ọmọ odó kì í ṣe ohun tí ẹni tó lójú ń ṣèèṣì kó." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Ó dáa. Ẹ wọlé, kí ẹ tú igi náà fúnra yín. Wálé, gbé àtùpà wá fún wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ilẹ̀ ṣú ni àwọn kò fi rí i."

Bí ìyá mi bá yí padà ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ odó ìyá rẹ̀ ni. Ó wọlé, ó sì tú igi náà. Wálé gbé àtùpà dání fún un, kò wo ojú mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́, ó ń jó mi, n kò sì lè gbé e sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá bàbá mi lábẹ́ àtíbàbà, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó lè sọ ọ́. Mo ti ń retí pàṣán. Kò mú pàṣán. Ó ní kí n lọ gbé èyí tó kù wá. Mo fa orí méjèèjì yọ lábẹ́ èédú, ó gbà wọ́n, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù wọ́n, ó sì yí wọn lọ́wọ́ títí.

"Nígbà tí irin kọ́kọ́ fa igi ya, kí lo ṣe?"

"Mo ń bá a lọ, sà."

"Nígbà tó dá ńkọ́?"

"Mo kó èyí tó kù pamọ́."

"Nígbà tí ìyá rẹ lọ tú ilé Ìyá Wálé ńkọ́?"

Mo tún dọ̀bálẹ̀.

"Láti ọjọ́ Sátidé," bàbá mi wí, "ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà lórí irin yẹn. Gbé e kúrò. Dìde, kí a lọ bá ìyá rẹ."

Ìyá mi kò nà mí, kò sì gégùn-ún. Ó jókòó ti ìkòkò aró, ó gbé orí kan lé itan, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ ọwọ́. Ìyẹn burú ju pàṣán lọ. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ mi mọ́. "Ìwọ ọmọ yìí" ló ń pè mí. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, òun ló lè pa ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín. Ó ní kí n kúkú bá òun dì í sínú àpò, òun á rù ú lọ sílé ọkọ bí ẹni ru iṣu.

Bàbá mi ní a kò lè dá igi tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n orí méjèèjì ṣì wà, orí ni wọ́n sì fi ń gún nǹkan. Bí a bá rí àyìn mìíràn tó ti gbẹ dáadáa, a lè ṣe àárín tuntun, kí ahọ́n wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí a lu ihò sínú orí kọ̀ọ̀kan, kí ahọ́n sì wọ inú ihò. Ó ní igi tútù kò ní gbà, nítorí bó bá gbẹ, ahọ́n á rù, á máa mì. Ó wá wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo gé e. Ìwọ ni yóò ṣe é."

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìwàrà, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní oko. Abà kan ti wó níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òpó àyìn kan sì ṣì wà lára rẹ̀, kokooko, ikán kò lè jẹ ẹ́. A dì í mọ́ kẹ̀kẹ́, èmi sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Iléṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń dì í mú kó má yẹ̀. Nígbà tí a gé e, gígùn mẹ́ta péré ló ti inú rẹ̀ jáde. Títí a fi gé e tán, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀.

Èyí àkọ́kọ́, mo gé ahọ́n rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ìbẹ̀rù ni. Mo ń bẹ̀rù kó má lọ tóbi, mo bá gé e títí ó fi ń mì nínú ihò bí eyín arúgbó. Bàbá mi mì í wò. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní èyí kejì, ahọ́n méjèèjì dára, inú mi dùn, mo sì fẹ́ kí ara igi náà dán sí i. Irin wọlé. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún kí n tó rántí. Nígbà tí igi dúró, bàbá mi fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní obìnrin tó bá fi eléyìí gún ẹ̀lú, á dá mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì ṣe é léṣe. Ó ku ọ̀kan.

N kò fọwọ́ kan ọ̀kan yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ti ilé ìwé dé, mo ń jókòó tì í. Àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ti kọjá lọ láàárín náà. Apẹ̀rẹ̀ Wálé ló gba ipò kìíní, n kò sì gbé nǹkan kan lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mi ní igi kì í gé ara rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n kìíní wọ ihò rẹ̀ ṣinṣin. Ahọ́n kejì náà wọlé. Mo ń mú kí ara rẹ̀ dán, ó kù díẹ̀ kí n parí, nígbà tí irin tún fò. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti wà nílẹ̀. Àgbá náà ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, ó rọlẹ̀, ó dúró. Gbogbo ẹ̀yìn ilé dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìyá mi tó ń ro aró nínú ìkòkò.

"Kí lo rí?" bàbá mi bi mí.

Mo wò ó dáadáa. Ọgbẹ́ kan ni, kò jìn, kò sì ju ìbú ìka kan lọ láti ìpẹ̀kun. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n má pa á rẹ́. Ó ní kí n gbẹ́ ẹ yí igi náà ká bí òrùka, kí n sì wá gbẹ́ irú rẹ̀ sí ìpẹ̀kun kejì, ìbú ìka kan, kí wọ́n bára wọn mu. "Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ̀ṣọ́ ni," ó wí. "Àwa á mọ̀."

A se gọ́ọ̀mù lórí iná, a fi pa ahọ́n, a tì í bọ inú orí méjèèjì, bàbá mi sì kan èèkàn igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibi tí wọ́n ti pàdé. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Orí rẹ̀ dúdú pẹ̀lú aró àádọ́ta ọdún, àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì, ìyá mi da ẹ̀lú gbígbẹ sínú odó. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti dúró. Ó gbé ọmọ odó náà, ó sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dún ní ibi tí igi ti pàdé igi, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ igi gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ìyá mi dúró. Ó tẹ́tí sí i, ó fi àtàǹpàkò yí ojú oríkèé náà ká. Ó tún gbé e. Kò dún mọ́. Ó gún ẹ̀lú náà títí ó fi kúnná, tí eruku aró bo iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí òógùn ń já bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀.

Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ó wúwo láàárín ju ti ìyá mi lọ," ó wí. "Ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Káyọ̀dé, mú ìgbálẹ̀, kí o bá mi gbá ilẹ̀ yìí."

Mo gbá ilẹ̀ náà títí bàbá mi fi ní ó tó, pé kí n má gbẹ́ kòtò.

Bí mo bá fi ìtàn mi mọ síbẹ̀, ìtàn tó dùn ni, mo sì ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ní, "Ó ku ẹnì kan." Ìyá mi ti lọ bẹ Ìyá Wálé ṣáájú, àmọ́ ohun tó sọ fún un kò ju pé a ti rí ọmọ odó náà lọ. Kò fẹ́ kí orúkọ mi bàjẹ́ ládùúgbò. Bàbá mi ní kí n lọ fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo lọ. Ìyá Wálé ń pọ́n ẹ̀kọ. Ó rí mi, ó pọ́n méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́ kí n tó lanu, ó ní mo ti rù. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé níbo ni a ti rí ọmọ odó ìyá mi.

"Ó ṣubú sẹ́yìn ìkòkò aró ni, mà."

Ó wò mí. "Ẹ̀yìn ìkòkò," ó wí. Ó mú ewé mìíràn, ó ń pọ́n ẹ̀kọ lọ. "Ẹ̀yìn ìkòkò tí kò lè wò dáadáa kó tó wá tú ilé mi."

Mo délé. Bàbá mi bèèrè bóyá mo ti sọ ọ́. Mo ní mo ti sọ ọ́.

Ìyá Wálé wá síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó díẹ̀, ó sì tètè lọ. Wọ́n ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀, òun àti ìyá mi. Ṣùgbọ́n ó kó igi rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilé wa, kò sì dá a padà mọ́. N kò gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì pa pọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí wọ́n kọ̀wé sí mi pé Ìyá Wálé ti kú. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ sí kíláàsì.

Lónìí, ẹ̀rọ tèmi ń lo iná mànàmáná. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Òṣogbo ni mo ti ń fi ṣeré: mò ń gé àwo, mò ń gé ọ̀pá, n kì í tà. Bí irin bá fa igi ya, kí n tó mí, mo ti pa iná. Kò sí igi tó lè tàn mí jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Wálé wá kí mi láti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tó ti ń ro oko kòkó lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ mi, ó gbé àwo kan lọ́wọ́, ó ń yí i. Ó ní, "Káyọ̀dé, ohun kan wà tí mo ti fẹ́ bi ọ́ tipẹ́. Mo rántí alẹ́ tí mo gbé àtùpà, ṣùgbọ́n wọ́n kúkú padà rí ọmọ odó yẹn. Kí ló tilẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá mi àti ìyá rẹ?"

Ọjọ́ orí mi ti lé ní àádọ́rin. Bàbá tí mò ń bẹ̀rù ti kú, ìyá tí mò ń fi pamọ́ fún ti kú, kò sí pàṣán níbì kankan. Mo ní, "Èmi náà kò mọ̀, Wálé. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ni."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn láti ọjọ́ tí Wálé ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà lo ọjọ́ mẹ́ta péré kó tó jẹ́wọ́. Ó sàn jù mí lọ, nítorí ẹnì kan wà tó ń bi í léèrè. Èmi nìkan ló kù tó lè bi ara mi.

Bàbá mi ti lọ, ìyá mi náà ti lọ. Ìyá Wálé ló ṣáájú wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ ṣì wà láàyè ní Òṣogbo, orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún. Èmi náà wà. Wálé ṣì wà láàyè ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ojú rẹ̀ sì ṣì mọ́ kedere, ó ń kàwé láìlo awò ojú. Á ka èyí náà.